Ta Ló Ni Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Àdúgbò Wa?

Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì, kì í pẹ́ tí a fi ń gbọ́ pé òrùlé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ti ṣí lọ. Páànù á fọ́n ká orí pápá, àwọn ọmọ á kó ara wọn jọ sínú kíláàsì tó ṣẹ́kù, tíṣà méjì á sì máa du ohùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú yàrá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á mi orí, á ní ìjọba ò ṣe dáadáa, á sì bá tirẹ̀ lọ. Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, ìjọba ló yẹ kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: bó bá jẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí àdúgbò yẹn ló ṣí, ṣé báyìí náà la ó ṣe mi orí kọjá? Rárá o. Kó tó di ọjọ́ ìsìn tó ń bọ̀, a ti dáwó, a ti ránṣẹ́ pe káfíńtà. A mọ̀ pé tiwa ni. Ilé-ìwé tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ bí a ṣe ń di kálàmù mú nìkan ni a ń wò bíi pé kò ní ẹni tó ni ín.

Ohun tí a ní í sọ lónìí kò lọ́jú pọ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, àdúgbò ló ni ín. Owó ìjọba ló yẹ kó máa gbé e ró, owó náà sì gbọ́dọ̀ wá. Ṣùgbọ́n àdúgbò tó bá mọ̀ pé òun lòun ni ilé-ìwé náà ló lè dúró ti ọmọ, kó dúró ti tíṣà, kó sì láyà láti bi ìjọba pé owó dà.

Ẹ bá wa wo bí òwúrọ̀ ṣe ń rí ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, yálà ní Ìbàdàn, ní Adó-Èkìtì, ní Abẹ́òkúta tàbí ní abúlé ẹ̀yìn Ìlárá. Kí aago mẹ́jọ tó lù, àwọn ọmọ ti ń wọlé ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n di àbúrò lọ́wọ́ mú, báàgì wà léjìká, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì. Àwọn tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbálẹ̀. Ewé máńgòrò tó já sílẹ̀ lóru, wọ́n á gbá a jọ sẹ́yìn ọgbà. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà á pọn omi sínú ike síwájú kíláàsì àwọn kékeré. Ọmọ tí iṣẹ́ kàn á lu agogo, èyí tó jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi, rímù ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n so rọ̀ sára igi ni. Ìlà á tò. Tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà á máa yẹ èékánná wò, á máa yẹ irun wò. Ọmọ tí bọ́tìnnì rẹ̀ já, àǹtí kan á yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì rẹ̀, á rán an mọ́ ọn lára lórí ìdúró. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá orin àtijọ́ padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọ̀pọ̀ tíṣà ni a kò tíì bí nígbà tí wọ́n pa orin náà tì ní ọdún 1978. Tíṣà àti ọmọ kíláàsì kìíní wá jọ ń kọ́ ọ lórí pápá kan náà, àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà nílé ló sì mọ̀ ọ́n dunjú.

Bí agogo ìsinmi bá wá lù, ẹ lọ dúró sábẹ́ igi tí àwọn olóúnjẹ pàtẹ sí. Ìrẹsì àti ẹ̀wà wà níbẹ̀, àkàrà àti búrẹ́dì wà níbẹ̀, mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀. Ẹ wo ìyá olóúnjẹ dáadáa. Ó mọ ọmọ tówó rẹ̀ pé, ó sì mọ èyí tó kàn ń rìn yí tábìlì ká láìsọ nǹkan kan. Á pe onítọ̀hún, á ní, “Ìwọ, wá bá mi fọ abọ́ yìí.” Ọmọ náà á fọ abọ́ méjì, ìyá á sì bu oúnjẹ fún un bí owó iṣẹ́, kí ojú má baà ti ọmọ ọlọ́mọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ èyí sí. Kò sí ẹni tó ń fún obìnrin náà ní àmì ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìṣirò, obìnrin yìí sì ti ràn tíṣà lọ́wọ́ ju bó ṣe mọ̀ lọ.

Kì í ṣe òun nìkan. Ilé tó kọjú sí ilé-ìwé ló ń fi kànga rẹ̀ sílẹ̀ fáwọn ọmọ nígbà tí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà á wá kan bẹ́ǹṣì tó ti yẹsẹ̀, á ní kí wọ́n kàn wá ìṣó fún òun. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì á wá jókòó ti àwọn ọmọ kíláàsì kejì tí ìwé kíkà ṣòro fún. Nígbà tí agogo ìjáde bá lù, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́jà á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òdìkejì títì, onílé á bu omi fún un, á sì máa fojú sí i lára títí ẹni tí yóò mú un lọ sílé yóò fi dé. Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bímọ, igba èèyàn ní í tọ́ ọ. Ní ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú la fi ń rí igba èèyàn ọ̀hún.

Bí àwọn ilé-ìwé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti ìgbà tí àwọn ajíhìnrere ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì láàárín ọdún 1840 sí 1850, tí ìwé sì ń tàn dé Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú, àwọn ará ìlú ló ń yọ̀ǹda ilẹ̀, àwọn ọkùnrin ń gé igi òrùlé, àwọn obìnrin ń pọn omi tí wọ́n fi ń po amọ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà kò gbẹ́yìn. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923 fi owó àti akitiyan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ ilé-ìwé káàkiri, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955 dé, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Láti ọdún 1952 ni Olóyè S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀. Kò rọrùn. Owó orí lé sí i nítorí ètò náà, inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dùn sí i, ẹgbẹ́ Action Group tó ń ṣèjọba sì fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alátakò NCNC ní agbègbè tirẹ̀ nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀ wọn kò pa ètò náà tì. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ tó wọ ilé-ìwé lé ní 800,000. Ọmọ tí a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n ní kó na ọwọ́ kọjá lórí àtàrí rẹ̀. Bọ́wọ́ bá ti kan etí òdìkejì, ó ti tó ọmọ ilé-ìwé. Ta ló kọ́ kíláàsì tí gbogbo wọn jókòó sí? Ìjọba sanwó o, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé, ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ wà nínú amọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà. Wọ́n kọ́ ọ fún ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n kà.

Níbo wá ni okùn ti tú? Ó tú díẹ̀díẹ̀ ni. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ tó dá wọn sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ti gbogbo Nàìjíríà. Èrò rere ni. Ní Èkó, láàárín ọdún 1979 sí 1983, Alhaji Lateef Jákàńdè kọ́ kíláàsì lọ́pọ̀ yanturu, ó sì fòpin sí ètò tí àwọn ọmọ kan fi ń lọ láàárọ̀ tí àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án. Àwọn kan fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ló di ẹni ńlá láti inú rẹ̀. Àmọ́ bí ọwọ́ ìjọba ṣe ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àdúgbò ń kúrú. Nígbà tó wá di pé owó oṣù tíṣà ń pẹ́, tí ìyanṣẹ́lódì ń tẹ̀lé ara wọn, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé aládàáni. A kò bá òbí kankan wí, ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ báńkì àti ẹni tó mọ ilé alága ìjọba ìbílẹ̀ kó ọmọ wọn jáde, wọ́n kó ohùn wọn jáde pẹ̀lú. Àwọn tó kù ni alábàárù, ọlọ́kadà, alágbàṣe àti ìyá tó ń ta ata. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ta ní í dá wọn lóhùn ní ọ́fíìsì?

Ibi tí ohùn bá ti dákẹ́, ìkà á ráyè. A ń rí àdúgbò tó ń da ilẹ̀ sẹ́yìn kíláàsì. A ń rí àwọn tó ń ṣe ìnáwó lórí pápá ilé-ìwé ní Sátidé, tí wọ́n á fi ọ̀rá omi àti egungun ẹran sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ láti kó ní ọjọ́ Ajé. Olè ń tú ilẹ̀kùn àti fèrèsé lóru, aládùúgbò ń gbọ́ ìró òòlù, ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ajagungbalẹ̀ ń gé ilẹ̀ ilé-ìwé lábala-abala títí tí ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù fi di ṣọ́ọ̀bù. Ìjọba kọ́ ló ṣe ìyẹn.

Ìjọba ní ẹ̀bi tirẹ̀, ó sì tóbi. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀ranyàn ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré fún gbogbo ọmọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ka ohun tí ọ̀fẹ́ kàn: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, kíláàsì, àga àti tábìlì, títí dé oúnjẹ ọ̀sán. Òfin yẹn náà ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ sì fi owó tirẹ̀ tì í. Ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà ló ti sùn sọ́dọ̀ UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pín owó náà, láti ọdún dé ọdún nítorí pé àwọn gómìnà kan kò mú owó tiwọn wá. Owó wà nílẹ̀, ọmọ sì ń jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Ìwà àìbìkítà ni, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán náà rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi hàn ní ọdún 2012, pẹ̀lú ètò O'Meals, pé ó ṣeé ṣe: obìnrin àdúgbò ń se oúnjẹ, àgbẹ̀ àdúgbò ń tà, ọmọ àdúgbò ń jẹ. Ìjọba àpapọ̀ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2016. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n dá a dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ mìíràn nítorí ẹ̀sùn lórí bí wọ́n ṣe ń ná owó. Ó dára kí wọ́n wádìí olè. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kọ́ ló jalè, ikùn rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó san gbèsè rẹ̀. Àánú ìyá olóúnjẹ kò lè rọ́pò ohun tí òfin ti ṣèlérí.

Nítorí náà, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ wa sódì. Bí a bá ní kí àdúgbò gba ilé-ìwé rẹ̀ mọ́ra, a kò ní kí wọ́n máa fi owó lé àwọn òbí lórí. A mọ̀ bó ṣe máa ń lọ: owó ìwé ìdánwò, owó ṣọ́ọ̀kì, owó ọlọ́dẹ, owó ìparí sáà. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ á di ẹ̀kọ́ olówó gọbọi, wọ́n á sì dá ọmọ tí kò rówó san padà láti ẹnu géètì. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà wá. Ọjà tàbí gáréèjì ló ń gbà á. Ìpàdé Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju owó lọ, ńṣe ló ń lé tálákà jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni tíṣà kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi owó ara wọn ra ṣọ́ọ̀kì, tí ẹyọ ẹnì kan ń kọ́ kíláàsì méjì nítorí pé àwọn tó fẹ̀yìntì kò ní arọ́pò.

Ohun kan tún wà tó lè mú òbí súnmọ́ ilé-ìwé, èdè tí ilé-ìwé ń sọ ni. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì wá tíṣà tó mòye fún èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ fún òbí: iṣẹ́ àṣetiléwá tó bá wà ní èdè Yorùbá, bàbá tó jẹ́ mẹkáníìkì lè bá ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Ìpàdé òbí tí wọ́n bá fi Yorùbá ṣe, ìyá aláta á lè dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀. A kò ní kí ọmọ má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A ní kí ilé-ìwé má fi èdè ti òbí sí ìta.

Kí ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí gbogbo ilé-ìwé gbé pátákó kan sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n fi Yorùbá kọ gbogbo owó tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe síbẹ̀. Owó ìjọba ni o, owó ẹ̀bùn ni o, kí ará àdúgbò rí i kà. Èkejì, kí wọ́n yí àkókò ìpàdé òbí padà. Ìpàdé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá tó ń tajà kò lè wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi ọjà dára jù. Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní SBMC kúrò ní orúkọ lásán. Òbí, olórí àdúgbò, olórí ẹ̀sìn àti akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀rí ló yẹ kó jókòó síbẹ̀, kí wọ́n máa ka ìwé ìṣirò owó, kí wọ́n máa ka iye tíṣà tó wà níbi iṣẹ́, kí wọ́n sì máa gbé ẹjọ́ lọ bá SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, títí wọ́n á fi dá wọn lóhùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí kò lówó ní ọwọ́. Bírìkìlà tó fi ọjọ́ kan ṣoṣo nínú sáà dí ojú ihò ara ògiri, télọ̀ tó tún aṣọ ilé-ìwé ọmọ aláìníyàá ṣe, nọ́ọ̀sì tó wá kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń fọwọ́, wọ́n ti ṣe ju ẹni tó dá owó tí kò sì bẹ ibẹ̀ wò. Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn ọba, baálẹ̀ àti ìdílé onílẹ̀ dìde dáàbò bo ilẹ̀ ilé-ìwé. Àwọn baba ńlá wọn ló yọ̀ǹda rẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ wọn tà á. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà wọn ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó ṣe ìwé rẹ̀, kó sì mọ ọgbà yí i ká.

A ní ọ̀rọ̀ pàtàkì fún àwọn tí Ọlọ́run ti gbé ga. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀rí ti àwọn ilé-ìwé girama wa kò kéré rárá: wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn, wọ́n ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n ń dá aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Mélòó nínú wa ló wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀rí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ la ti ka ìwé Aláwìíyé, ibẹ̀ la ti kọ́ ìlọ́po, ibẹ̀ ni ẹnì kan ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé a ní làákàyè. Ẹni tó wà ní London tàbí Houston tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún òkú àgbà lè ra bẹ́ǹṣì fún kíláàsì kan. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ilé-ìwé aládàáni náà kò yọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí ti ìjọba yìí ni ọmọ tirẹ̀ máa bá gbé ìlú. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Kí sáà yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa wọ inú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó súnmọ́ ilé rẹ̀ jù, kó kí àwọn tíṣà, kó sì bi ọ̀gá ilé-ìwé pé kí ni wọ́n nílò. Ohun tí ọwọ́ àdúgbò bá ká níbẹ̀, ká ṣe é. Èyí tó jẹ́ ti ìjọba, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká fọwọ́ sí i lápapọ̀, ká gbé e tọ alága ìjọba ìbílẹ̀ àti aṣòfin wa lọ, ká sì padà lọ bí wọn kò bá dáhùn. Kí àwọn gómìnà san owó tó yẹ kí wọ́n san, kí wọ́n gba tíṣà sípò àwọn tó ti fẹ̀yìntì, kí oúnjẹ ọ̀sán sì padà sí ẹnu àwọn ọmọ. Nígbà tí àsìkò ìbò bá tún dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ ká bi ẹni tó bá wá tọrọ ìbò ni pé: kí lo ṣe fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa?